Bí mo ṣe dá Stratocaster ọdún 1969 mọ̀ ní Ọ̀fà, àti ohun tí ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà bà jẹ́

Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà ni mo san fún atúnrédíòṣe kan ní Ìlọrin kó bá mi wo gìtá tó ń ha kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ bí a bá ti ń yí fọ́lúùmù rẹ̀. Nígbà tí mo gbà á padà, híha ti lọ lóòótọ́. Àmọ́ ògbólógbòó fọ́lúùmù kan ti bá a lọ, súwíìṣì tó ń yan irú ohùn náà ti bá a lọ, ti Ṣáínà ló wà níbẹ̀. “Mo ti sọ ọ́ di tuntun fún yín, ẹ̀gbọ́n.” Inú ọ̀gbẹ́ni ń dùn! Ta ló ní kó di tuntun? Ṣípúréè tí wọ́n fi ń fọ ojú iná ni ká fín sí ihò ẹ̀gbẹ́ fọ́lúùmù náà, ká yí i síwá sẹ́yìn nígbà ogún, iṣẹ́ parí.

Ìdílé kan ní Ọ̀fà ló ni gìtá náà. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tó jẹ́ kí wọ́n tó fèsì fún alágbàtà tó ń pè wọ́n láti Èkó. Ọ̀fà ni wọ́n bí I.K. Dairo, gbajúmọ̀ olórin jùjú, sí, nítorí náà kò yà mí lẹ́nu pé irú rẹ̀ wà ní àjà ilé níbẹ̀.

Èyí tí ojú lásán lè rí kò gbà mí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Orí gìtá náà tóbi: Stratocaster (gìtá oníná tí ilé iṣẹ́ Fender ní Amẹ́ríkà ń ṣe) olórí ńlá bẹ̀rẹ̀ ní ìparí 1965, ó sì dópin ní 1981. Dúdú ni orúkọ Fender tó wà lórí rẹ̀, ó sì nípọn, èyí tó jáde ní 1968. Sikúrù mẹ́rin ló de ọrùn mọ́ ara. Ti oní-mẹ́ta dé ní 1971. Irin pẹlẹbẹ ẹ̀yìn ní F ńlá kan àti nọ́ńbà mẹ́fà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 25, ìyẹn sì bọ́ sí àárín 1968 sí 1969. Ẹ má fi nọ́ńbà yẹn nìkan búra o. Ẹnikẹ́ni tó bá ní sikurudíráfà lè pààrọ̀ irin yẹn kí omi tó hó. Ohun tó wù mí jù ni pé iwájú orí ti pọ́n ju ọrùn lọ. Lákọ̀ àtijọ́ ni wọ́n fi ń kun ibẹ̀ nígbà náà, wọ́n sì ti ń fi políẹ́sítà kun ìyókù. Àwọn tó ń ṣe àdàmọ̀dì kì í sábà rántí ìyẹn.

Mo tú ọrùn. Ìpata ti mú sikúrù kan, sikurudíráfà tó bá ojú rẹ̀ mu rẹ́gí ló sì gbà á là. Èyí tó kéré yóò jẹ ojú rẹ̀ ni. Ní ìdí ọrùn ni mo ti rí òǹtẹ̀ náà: 22 JUN 69 B. 22 ni Stratocaster, B sì ni fífẹ̀ ọrùn níbi eegun òkè tí okùn ń gbà kọjá, nǹkan bíi mìlímítà 41. Ẹ ya àwòrán rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ má sì fi tínà tàbí pẹtiróòlù nu ún láé, nítorí tàdáwà lásán ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá takókó nìyí. Mo tú sikúrù mọ́kànlá tó wà lójú rẹ̀ kí n lè ka nọ́ńbà ara àwọn fọ́lúùmù. Ẹ̀gbẹ́ ìdérí irin wọn ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sí. Mo fi ẹfun pa á, mo fi àtàǹpàkò nu ojú rẹ̀, mo tan iná fóònù láti ẹ̀gbẹ́, nọ́ńbà yọ funfun: 137 6633. 137 ni àmì ilé iṣẹ́ CTS tó ṣe é, 66 ni ọdún, 33 ni ọ̀sẹ̀. Èkejì náà, 66. Ọrùn ní 1969!

Alágbàtà gbọ́, ó ní wọ́n kó o jọ láti ara oríṣiríṣi gìtá ni, ó ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún dín lọ́gọ́rùn-ún, ₦900,000, lòun yóò san. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń bá a fà á. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe fọ́lúùmù ni nọ́ńbà yẹn ń sọ. Ohun tó fi hàn ni pé gìtá kò lè ṣáájú rẹ̀. Ọdún mẹ́ta láàárín wọn a máa kọni lóminú lóòótọ́, àfi ní sáà yìí gan-an. CBS, ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ti Amẹ́ríkà, ra Fender ní oṣù January 1965, wọ́n sì kó fọ́lúùmù rẹpẹtẹ jọ ní 1966, òun ni wọ́n ń lò títí di nǹkan bí 1969. Ìyẹn ni pé 66 gan-an ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ tan ni jẹ ni yóò wá ti 69 kiri.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ì bá lágbára bí fọ́lúùmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá bára mu, tí léèdì àtijọ́ tó ti rí bí eérú kò sì tíì hàn pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Méjì ló ṣẹ́ kù. Ẹ̀gbẹ́ wọn ni léèdì tuntun wà tó ń dán yinrin. Súwíìṣì oníbi-márùn-ún tí wọ́n fi sí i tún burú jù: 1977 ni Fender bẹ̀rẹ̀ sí í lo irú rẹ̀, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yóò rí i, yóò sì dìde ńlẹ̀. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù náà, mo da agolo mílíìkì tó ń kó àjákù sí sílẹ̀, mo rí súwíìṣì wa: oníbi-mẹ́ta, CRL 1452 ń bẹ lára rẹ̀ kedere. Inú mi dùn bí ẹni pé èmi ni mo ṣe é. Fọ́lúùmù ńkọ́? Ó ti fi tún amplifáyà ẹlòmíràn ṣe, olówó rẹ̀ sì ti gbé e lọ.

Pickup mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìyẹn ohun tó ń gbé ohùn okùn, yè: mítà ka 5.6, 5.7 àti 5.9 kílò-ohm. Bí ọ̀kan bá kọ̀ tí kò ka nǹkan kan, wáyà inú rẹ̀ ti já nìyẹn, àtúnwé rẹ̀ yóò sì gé owó. Àwọ̀ rẹ̀ náà ni ti àtètèkọ́ṣe. Tọ́ọ̀ṣì tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù fi ń yẹ náírà wò ni mo tàn sí i nínú òkùnkùn. Ibi tí wọ́n bá ti tún kùn máa ń tàn yàtọ̀. Ẹ kíyè sí èyí dáadáa, nítorí àtúnkùn lè gé nǹkan bí ìdajì owó gìtá.

Ní ti iye, ẹ má wo ohun tí àwọn èèyàn ń bèèrè, ẹ wo èyí tí wọ́n ti tà lórí Reverb àti eBay, àwọn ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo mú márùn-ún, 1968 sí 1970, aláwọ̀ sunburst (tó ń ṣókùnkùn létí) bíi tiwa, mo yọ èyí tó wọ́n jù àti èyí tí owó rẹ̀ kéré jù, mo ro mẹ́ta tó kù pọ̀, mo sì pín in sí mẹ́ta. Mo wá yọ owó fọ́lúùmù, owó àwọn irin wẹ́wẹ́ ojú ọrùn (fret) tí wọ́n ti pààrọ̀ rí, àti ti àpótí rẹ̀ tí kò sí. Oníṣòwò tí yóò tún un tà sábà máa ń san ìdá mẹ́fà sí méje nínú mẹ́wàá. Síbẹ̀ ìṣirò mi kò lọ sísàlẹ̀ mílíọ̀nù mẹ́fà náírà.

N kò tíì dá súwíìṣì padà. Ó wà nínú ọ̀rá pẹ̀lú àwòrán òǹtẹ̀ àti ti fọ́lúùmù, nítorí gbogbo ìgbà tí a bá tún jó o ni ẹ̀rí ń dín. Bí ẹ bá wà nítòsí ọ̀nà Táíwò ní Ìlọrin, tí amplifáyà yín sì ní fọ́lúùmù 137 66 nínú, ẹ fi tó mi létí. N ó fi tuntun méjì pààrọ̀ ọ̀kan.