Bí a ṣe ń gba igi máńgòrò sílẹ̀ lọ́wọ́ money plant tó ti bò ó

Nínú ìkòkò, ewé money plant, ìtàkùn tí àwọn ènìyàn máa ń gbìn fún ẹwà, kì í sábà ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ṣùgbọ́n bó bá rí igi máńgòrò gùn lẹ́yìnkùlé, bó ṣe ń gòkè ni ewé tuntun á máa fẹ̀ sí i, títí tí yóò fi tó ewé kókò, tí ìtàkùn rẹ̀ á sì ki ju àtàǹpàkò lọ. Kì í fa oúnjẹ lára igi. Wàhálà rẹ̀ ni pé kì í jẹ́ kí èèpo igi gbẹ, ó ń fún ikán níbi ìfarapamọ́, ó sì ń dí oòrùn mọ́ àwọn ẹ̀ka inú. Tí òjò àti ìjì bá pàdé lórí rẹ̀, ìwúwo rẹ̀ lè ya ẹ̀ka tí kò lágbára mọ́.

Ìkánjú ló máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Ẹni tó bá dì í mú ní tútù tó ń fà á, èèpo igi ni yóò bá a ṣí wálẹ̀, ìtàkùn á já sí wẹ́wẹ́, gbogbo wẹ́wẹ́ tó bá sì ní oríkèé lára ló lè hù. Ẹ gé e nísàlẹ̀, kó gbẹ, kí ẹ tó fà á.

Kí ọwọ́ tó kan igi

Ẹ kọ́kọ́ tọ ìtàkùn náà dé ilẹ̀. Bí ohun tó wà lórí igi kò bá kan ilẹ̀ rárá, tó jẹ́ pé inú ẹ̀ka gan-an ló ti yọ, àfòmọ́ nìyẹn. Ti àfòmọ́ yàtọ̀: ẹ fi ayùn gé ẹ̀ka náà fúnra rẹ̀ ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30 sí ìsàlẹ̀ ibi tó ti yọ, sápá ìdí igi.

Oṣù Kejìlá sí Oṣù Kìíní ló dáa jù fún gígé, torí ọyẹ́ á bá yín gbẹ ẹ́. Bí igi bá ti ń tanná, kò burú, gígé nísàlẹ̀ kì í gbọn òdòdó dànù.

Ẹ wá àlùmọ́gàjí tí wọ́n fi ń gé ẹ̀ka, ayùn kékeré, ìbọ̀wọ́, aṣọ alápá gígùn àti àpò ìrẹsì mélòó kan. Ẹbí kókò ni money plant, oje rẹ̀ máa ń yún ara, ẹ má sì jẹ́ kó ta sí ojú. Ẹ fi ọparun gígùn lu ewé náà láti òkè délẹ̀, kí ẹ sì sún sẹ́yìn díẹ̀. Agbọ́n, ìjàlọ àti ejò kì í jìnnà sí irú ibẹ̀. Bí ìtàkùn bá ti kọjá sórí wáyà iná, ẹ má fọwọ́ kàn án; àwọn òṣìṣẹ́ iná ni kí ẹ ké sí.

Gígé

Ẹ gé ìtàkùn kọ̀ọ̀kan níbi méjì, ní ọ̀gangan orúnkún àti ní ọ̀gangan àyà, kí ẹ yọ àárín kúrò, kí ara igi lè hàn yíká. Ẹ má fi àdá ṣá a. Inú èèpo igi ni oúnjẹ tí ewé ń ṣe ń gbà sọ̀kalẹ̀ lọ sí gbòǹgbò. Bí àdá bá já èèpo yẹn yí igi ká, ó di kí igi náà máa kú lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ ti igi pẹlẹbẹ kan bọ abẹ́ ìtàkùn kó lè kúrò lára èèpo, ìgbà náà ni kí ẹ gé e. Ẹ wo ẹ̀yìn igi dáadáa, torí ìtàkùn kan ṣoṣo tí ẹ bá fi sílẹ̀ tó láti máa bọ́ gbogbo èyí tó wà lókè.

Ilẹ̀ ìdí igi

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe é tì. Ẹ bomi rin ilẹ̀ náà lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí gbòǹgbò lè jáde lódindi. Gbòǹgbò money plant kì í sábà lọ jìnnà sísàlẹ̀; ọwọ́ àti ọkọ́ kékeré ti tó, kí ẹ má baà ṣá gbòǹgbò máńgòrò. Ẹ tú u kúrò títí dé mítà 1 yí igi ká, kí ẹ sì ṣa gbogbo ègé tó já.

Àwọn kan máa ń da iyọ̀, kẹrosíìnì tàbí ọ́ọ̀lì mọ́tò síbẹ̀. Igi tí ẹ fẹ́ gbà là ni nǹkan wọ̀nyí máa pa. Oògùn apakoríko náà kò wúlò tó bí wọ́n ṣe ń sọ: ewé tó ń dán yìí máa ń da omi nù, ilẹ̀ ni oògùn á sì bọ́ sí.

Fífà á wálẹ̀

Èyí tó kù lókè kò ní kú lọ́jọ́ kan, torí gbòǹgbò tó fi di igi mú ṣì ń fa ìrì àti ọ̀rinrin. Á tún máa ju gbòǹgbò tuntun sísàlẹ̀ bí okùn, kó lè kan ilẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, ẹ gé gbogbo èyí tó bá ń rọ̀ wálẹ̀. Ẹ̀yìn tí ìtàkùn bá dún pọ́kọ́ tí ẹ bá ṣẹ́ ẹ ni kí ẹ tó máa fà á, díẹ̀díẹ̀, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Èyí tó bá ṣe agídí, ẹ gé e sílẹ̀ níbẹ̀. Gbòǹgbò gbígbẹ tó lẹ̀ mọ́ èèpo kò ṣe nǹkan kan, ẹ má họ ọ́. Èyí tó sì wà láàárín ẹ̀ka eléso, ẹ fi í sílẹ̀ títí ẹ ó fi ká máńgòrò tán.

Èèpo tó ti pẹ́ lábẹ́ òjìji lè jóná bí oòrùn bá já lù ú lójijì. Ẹ po pẹ́ǹtì funfun olómi mọ́ omi lọ́gbọọgba, kí ẹ fi kun ibẹ̀. Bí ẹ bá rí ọ̀nà amọ̀ tí ikán mọ, ẹ gbọ̀n ọ́n kúrò.

Ẹ di gbogbo ìtàkùn tútù sínú àpò, kí ó wà nínú oòrùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ẹ tó dà á nù. Ẹ má jù ú sí gọ́tà tàbí ẹ̀yìn ògiri, á hù níbẹ̀. Ẹ má sì fún ewúrẹ́ jẹ. Nígbà òjò tó tẹ̀ lé e, ẹ máa yẹ ìdí igi wò lóṣooṣù, kí ẹ fa èyí tó bá tún yọ nígbà tí ewé rẹ̀ kò tíì ju méjì lọ. Ẹni tó ṣì fẹ́ràn rẹ̀ lè gbin ègé kan sínú ìkòkò, kó gbé e sórí kọnkéré, níbi tí kò ti ní rí igi gùn.