Ohun tí a ó ṣe bí páìpù omi ìdọ̀tí bá dí ní ilé oúnjẹ
Ní àwọn ilé oúnjẹ tó wà ní agbègbè Tákíẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀rá ọbẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣọ́ra fún, nítorí pé bí ó bá tutù, yóò dì mọ́ inú páìpù, èérún oúnjẹ yóò sì há sí i. Ẹ nu ìkòkò kí ẹ tó fọ̀ ọ́.

Bí omi bá ń padà sókè, ẹ dá omi lílò dúró, kí ẹ sì ṣí kòtò oníbòrí tó wà láàárín ilé àti táńkì ìdọ̀tí: bí ó bá kún, ọ̀nà táńkì ló dí, tàbí kí táńkì fúnra rẹ̀ ti kún, bí ó bá gbẹ, páìpù inú ilé ló dí, ibẹ̀ ni kí púlọ́ńbà ti okùn irin tó fi ń la páìpù sí. Mo bẹ̀ yín, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ inú táńkì, nítorí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń pani.