Bí ẹ ṣe lè la kọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ lórí nẹ́tíwọ̀kì kọ̀ǹpútà já

Nǹkan àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣe tí kọ́ọ̀sì nẹ́tíwọ̀kì bá bẹ̀rẹ̀ ni kí wọ́n há orúkọ ìpele méje OSI (àwòṣe tó pín iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì sí ìpele-ìpele) sórí: Physical, Data Link, Network, Transport, Session, Presentation, Application. Kò burú, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló máa gbà. Àmọ́ ẹni tó mọ orúkọ àdúgbò méje ní Yábà kò tíì mọ danfo tó ń lọ síbẹ̀. Ìṣirò àti iṣẹ́ ọwọ́ ló pọ̀ jù nínú kọ́ọ̀sì yìí, ibẹ̀ náà sì ni máàkì ti ń bọ́ lọ́wọ́ èèyàn.

Ẹ ò nílò ohun tó pọ̀. Lápútọ́ọ̀pù tó ní RAM 4 GB tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Packet Tracer, tí Cisco ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ téèyàn bá ti forúkọ sílẹ̀ ní Networking Academy wọn, ni ẹ máa fi to router (ẹ̀rọ tó ń so nẹ́tíwọ̀kì kan mọ́ òmíràn) àti switch (ẹ̀rọ tó ń so kọ̀ǹpútà pọ̀ nínú nẹ́tíwọ̀kì kan) tí ẹ ò lówó láti rà, lójú kọ̀ǹpútà. Wireshark, òun náà lọ́fẹ̀ẹ́, ni ẹ máa fi wo ohun tó ń kọjá lórí nẹ́tíwọ̀kì gan-an. Ẹ gbé méjèèjì sórí ẹ̀rọ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹni tó bá dúró di alẹ́ ọjọ́ tó ku ọ̀la kí wọ́n gba iṣẹ́, iná lè lọ, dátà lè tán, méjèèjì sì lè ṣẹlẹ̀ pa pọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ ya bit sọ́tọ̀ kúrò lára byte. b kékeré ni bit, B ńlá ni byte, byte kan sì jẹ́ bit 8. Bit ni wọ́n fi ń sọ bí ìlà ṣe yára tó, byte ni wọ́n fi ń sọ bí fáìlì ṣe tóbi tó. Tí wọ́n bá wá ní kí ẹ ṣírò àkókò tí fáìlì 1 GB máa gbà lórí ìlà 10 Mbps (mílíọ̀nù bit 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ẹ fi 8 sọ 1,000 MB di púpọ̀, ó di 8,000 Mb. Ẹ fi 10 pín in, ó di ìṣẹ́jú àáyá 800, ìyẹn ìṣẹ́jú 13 àti ìṣẹ́jú àáyá 20. Ẹni tó gbàgbé 8 yẹn á kọ 100 sílẹ̀, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni transmission delay àti propagation delay, tí wọ́n máa ń dojú rú mọ́ra wọn. Ẹ wo gáréèjì kan ní Ọ̀yìngbò tí danfo tò sí; danfo kọ̀ọ̀kan dúró fún bit kan. Àkókò tí gbogbo wọn fi máa jáde tán lẹ́nu géètì, transmission nìyẹn. Àkókò tí ọ̀kan ṣoṣo fi máa gba orí Third Mainland Bridge dé Adéníjì, propagation nìyẹn. Tí wọ́n bá fẹ géètì, danfo á tètè jáde tán, ṣùgbọ́n afárá ò ní torí ìyẹn kúrú. Ẹ wá fi nọ́ńbà sí i. Packet (ègé dátà tí nẹ́tíwọ̀kì ń gbé lẹ́ẹ̀kan) tó jẹ́ byte 1,500 ní bit 12,000. Lórí ìlà 10 Mbps, 1.2 ms ló máa fi jáde (ms kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá). Wáyà MainOne tó gba abẹ́ òkun láti Pọ́túgà wá sí Èkó, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2010, gùn tó nǹkan bíi 7,000 km. Nínú okùn gíláàsì, ìmọ́lẹ̀ ń sáré nǹkan bíi 200,000 km ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí náà, 35 ms ni àlọ, 70 ms ni àlọ àti àbọ̀. Tí ẹ bá ra ìlà tó yára ní ìlọ́po 10, 1.2 yẹn á di 0.12. 35 yẹn ò ní mira.

Tí ẹ bá ti fi ẹrù ránṣẹ́ ní wàyíbìlì rí, ẹ ti mọ iṣẹ́ IP àti MAC láìfura. Ẹ di aṣọ sínú páálí ní Ìdúmọ̀tà, ẹ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó máa gbà á ní Ìbàdàn sí i lára. Kórópe gbé e dé CMS, danfo gbé e dé Ọjọ́ta, bọ́ọ̀sì gbé e dé Ìwó Road. Ohun tí ẹ kọ sára páálí ò yí padà. Ẹni tó fi léni lọ́wọ́ àti ẹni tó gbà á ló ń yí padà ní gáréèjì kọ̀ọ̀kan. IP address ni ohun tó wà lára páálí. MAC address, tó jẹ́ bit 48, ni ti ẹni tó fi lélẹ̀ àti ẹni tó kàn. Gbogbo router tí packet bá kọjá ló ń bọ́ MAC ti tẹ́lẹ̀ kúrò lára rẹ̀, tó ń wọ tuntun fún un. (NAT, tó ń pààrọ̀ IP address lẹ́nu router, nìkan ló máa ń tọwọ́ bọ ohun tó wà lára páálí, ẹ ṣì máa bá a níwájú.)

Subnetting, ìyẹn pípín nẹ́tíwọ̀kì kan sí kéékèèké, ni kí ẹ lo àkókò yín lé lórí jù. Ká ní wọ́n fún yín ní 192.168.10.0/24 (nínú bit 32 tí IP address ní, 24 jẹ́ ti nẹ́tíwọ̀kì, ìyókù jẹ́ ti kọ̀ǹpútà), wọ́n ní kí ẹ pín in fún lab mẹ́ta ní Àkókà: ọ̀kan ní kọ̀ǹpútà 10, èkejì 50, ẹ̀kẹta 25, pẹ̀lú ìlà kan láàárín router méjì. Ẹ kọ 2, 4, 8, 16, 32, 64, 128, 256 sókè ìwé. Èyí tó tóbi jù ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. 50 ò lè wọ 32, àfi 64. Ẹ yọ 2 kúrò, torí àdírẹ́sì àkọ́kọ́ jẹ́ ti nẹ́tíwọ̀kì fúnra rẹ̀, ìkẹyìn jẹ́ ti broadcast, ìyẹn ìránṣẹ́ sí gbogbo kọ̀ǹpútà ibẹ̀; ó ku 62, ó tó. 64 gba bit 6, 6 kúrò nínú 32 ku 26, ó di /26, láti 0 dé 63. 25 wọ 32: /27, láti 64 dé 95. 10 wọ 16: /28, láti 96 dé 111. Router méjì gba 4: /30, láti 112 dé 115.

Kí ló dé tí a fi mú èyí tó tóbi ṣáájú? Ibi mẹ́rin péré ni ìpín 64 ti lè bẹ̀rẹ̀: 0, 64, 128 àti 192. Ẹni tó kọ́kọ́ fún lab oníkọ̀ǹpútà 10 ní 0 dé 15 máa fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ti 50 láti 16, á sì kọ 192.168.10.16/26. Kò sí nẹ́tíwọ̀kì tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Inú 0 dé 63 ni 16 wà, lab méjèèjì ti gun orí ara wọn nìyẹn. Ohun kejì tó ń gba máàkì lọ́wọ́ èèyàn ni gateway, ìyẹn router tí lab ń gbà jáde. Tí lab bá ní kọ̀ǹpútà 30 gẹ́lẹ́, /27 ò gbà á, nítorí router náà máa gba àdírẹ́sì kan níbẹ̀. Ẹ lọ sí /26. Ẹ máa ṣe irú ìbéèrè yìí méjì lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, láìfọwọ́ kan ẹ̀rọ ìṣirò.

Wáyà ńkọ́? Ẹ di RJ45 (orí oníke tó ń wà lẹ́nu wáyà nẹ́tíwọ̀kì) mú kí ìkọ́ ike rẹ̀ wà nísàlẹ̀, kí ẹnu tí wáyà ń bá wọlé kọjú sí yín. T568B, ìyẹn ìlànà títo àwọ̀ wáyà, láti òsì: funfun-ọsàn, ọsàn, funfun-ewé, búlúù, funfun-búlúù, ewé, funfun-búráùn, búráùn. Ẹ bó awọ wáyà tó 3 cm, ẹ tò ó, ẹ wá gé orí wọn dọ́gba kó ku nǹkan bíi 1.3 cm. Awọ òde gbọ́dọ̀ wọ inú RJ45 kí crimper, irinṣẹ́ tí ẹ fi ń tẹ̀ ẹ́ pọ̀, lè gbá a mú. Tó bá kù síta, kò ní pẹ́ já. Ìlà kan ò gbọ́dọ̀ gùn ju mítà 100 lọ.

Tester kékeré tó ń tan iná 1 dé 8 lè tàn yín jẹ o. Ẹni tó to àwọ̀ ní méjì-méjì, tí kò jẹ́ kí ewé gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì búlúù, tó sì ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́nu méjèèjì, gbogbo iná rẹ̀ á tàn. Àmọ́ 3 àti 6, tó yẹ kí wọ́n jọ lọ́ mọ́ra, ti wà lórí wáyà tí kò bára wọn tan. Ariwo á wọ inú rẹ̀, packet á máa sọnù, ẹ ó sì máa bú switch tí kò ṣẹ̀. Ẹ tún yẹ wáyà fúnra rẹ̀ wò lọ́jà: ẹ fi abẹ ha á, tó bá funfun nínú, álúmíníọ́ọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò ni, ó sì máa ń tètè kán.

Nínú Packet Tracer, ẹnu ọ̀nà router máa ń wà ní títì títí ẹ ó fi kọ no shutdown. Iná ọsàn lórí switch kì í ṣe àṣìṣe, ẹ fún un ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30. Tí ping (ìdánwò bóyá ẹ̀rọ kejì ń dáhùn) àkọ́kọ́ bá kùnà tí ìyókù sì wọlé, ARP ló ń wá MAC lọ́wọ́, ẹ má tú iṣẹ́ yín ká. Tí kọ̀ǹpútà bá gbé àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, DHCP, tó ń pín àdírẹ́sì fún kọ̀ǹpútà, ò dá a lóhùn.

Wireshark, orí nẹ́tíwọ̀kì tiyín nìkan ni kí ẹ ti lò ó. Ẹ jẹ́ kó máa gbà á sílẹ̀, ẹ tẹ curl http://example.com ní terminal, ẹ kọ tcp.port == 80 sínú filter. Ẹ ó rí SYN, SYN-ACK, ACK, ìyẹn ìkíni mẹ́ta tí TCP fi ń ṣí ìsopọ̀, lára ìlà tó ṣáájú. Ẹ má fi browser dán an wò: ọ̀pọ̀ wọn ń gba QUIC lórí UDP, tí kì í lo SYN, ẹ ó kàn máa wá SYN tì. Ẹ tẹ ìlà SYN yẹn, ẹ ṣí Ethernet, IP àti TCP tó wà lábẹ́ rẹ̀. IP tó ń lọ bá jẹ́ ti example.com. MAC tó wà lókè rẹ̀ jẹ́ ti router ilé yín.