Amóníà kò lọ sílẹ̀ mọ́ nínú táńkì ẹja tuntun: pH ló já
Táńkì lítà 100, kò tíì sí ẹja níbẹ̀. Amóníà (májèlé tó máa ń wá láti ìgbẹ́ ẹja; èmi ni mo da eléyìí sí i kí bakitéríà fílítà lè gbilẹ̀) dúró sí 2 ppm (mílígíráàmù 2 nínú lítà omi kan), kò kúrò. Fílítà kọ́ ló bàjẹ́. pH (òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan tó; tó bá já, omi ti kan sí i) ti já sí 6.0. Àwọn bakitéríà tó ń jẹ amóníà máa ń lo kábónétì inú omi (èròjà tí kì í jẹ́ kí omi kan). Tó bá tán, pH á já, iṣẹ́ wọn á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró.

Mo pààrọ̀ ìdajì omi náà, mo fi oògùn pa kílórínì inú omi tuntun, mo wá po ṣíbí ìmutíì 2 sódà ìṣekéèkì sí i láti dá kábónétì náà padà (kì í ṣe bákìn páúdà o!). Tí ẹja bá ti wà níbẹ̀, ẹ má gbé pH sókè lójijì: amóníà tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu ní 6.0 á di májèlé.

Ìgbà tí amóníà 2 ppm bá pòórá láàárín wákàtí 24, tí nitrite (májèlé mìíràn tí bakitéríà ń sọ amóníà dà) náà jẹ́ 0, la tó lè kó ẹja díẹ̀ sí i.