Ẹni tó ń kọ kóòdù, ẹni tó ń tajà: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú startup tó ń dàgbà

Oṣù mẹ́fà ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi fi kọ áàpù kan tí àwọn aláṣọ á fi máa ṣàkọsílẹ̀ àwìn. Àwa méjèèjì la mọ kóòdù kọ, yàrá kan náà la sì ń gbé n'Ìbàdàn. A ṣe é kó dán, a ṣe é kó yá, a tún ṣe é kó máa ṣiṣẹ́ bí nẹ́tíwọ̀kì bá tilẹ̀ lọ. Ọjọ́ tá a gbé e dé ọjà Gbági Tuntun, ìyá aláṣọ tá a kọ́kọ́ fi hàn gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò títí, wọ́n sì bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ọmọ mi, àwọn ọmọ tó ń bá mi tajà yìí, ṣé wọ́n á máa rí ẹni tó jẹ mí lówó?"

Wọ́n á máa rí i. Kò wá sí wa lọ́kàn rí pé ó yẹ kó pamọ́.

Ìyá náà bá fa ìwé àwìn wọn yọ lábẹ́ àpótí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, okùn ni wọ́n fi dì í. Ẹ ò ní rí orúkọ gidi kan níbẹ̀: "Ìyàwó Pásítọ̀" ló wà lójú ewé kan, "Pupa Ìwó" wà lójú ewé mìíràn. Ẹni tó ti san ìlàjì, wọ́n fa ìlà sí i nídìí. Ẹni tí a kò gbọdọ̀ sin ní gbèsè lójú ọkọ rẹ̀, wọ́n fi àmì róbótó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo ohun tó yẹ kí áàpù wa mọ̀ ló wà nínú ìwé yẹn, a ò sì béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni fún oṣù mẹ́fà gbáko.

Bí ọ̀rọ̀ startup, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tuntun tó fẹ́ tètè dàgbà, bá ti délẹ̀ níbi ìpàdé, ẹnìkan á ṣáà pa á lówe pé ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Òótọ́ ni, àmọ́ òwe náà kò sọ pé kí ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ wọ kèrègbè má mọ ohun tó wà lórí pẹpẹ. Níbẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ ti ń wá: wọ́n á pín iṣẹ́ sí méjì, wọ́n á sì mọ ògiri sáàárín.

"Ká kọ ọ́ tán ná"

"Ká kọ ọ́ tán ná, ká tó wá oníbàárà." Àwa tá a mọ kóòdù kọ fẹ́ràn gbólóhùn yìí nítorí pé kóòdù kì í fojú burúkú woni. Bí ó bá bàjẹ́, á sọ ìlà tó ti bàjẹ́ fún yín. Oníbàárà tí ọjà yín ò wù kò ní sọ nǹkan kan. Á ní "Ó dáa, màá pè yín," ó sì tán nìyẹn.

Bí wọ́n bá wá rí i pé ọjà ò tà, wọ́n tún ń kó sínú àṣìṣe kejì: wọ́n á sáré lọ wá ẹnìkan tó wọ kóòtù, tó ní MBA, ìwé ẹ̀rí ìmọ̀ òwò láti yunifásítì, wọ́n á ní òun ni yóò máa bójú tó òwò. Ẹni yẹn lè dára. Ṣùgbọ́n òye òwò kì í ṣe ohun tó wà lára ìwé ẹ̀rí nìkan. Ẹ wo Paystack, ilé-iṣẹ́ tí oníṣòwò fi ń gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Shola Akinlade àti Ezra Olubi tó dá a sílẹ̀ ní ọdún 2015, àwọn méjèèjì ló mọ kóòdù kọ. Akinlade gba ipò ọ̀gá àgbà, Olubi mú ẹ̀ka ẹ̀rọ. Ní ọdún 2016 wọ́n di ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó wọ Y Combinator, ètò tó ń fún startup lówó àti ìmọ̀ràn ní Amẹ́ríkà, nígbà tó sì di oṣù kẹwàá ọdún 2020, Stripe, ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, kéde pé òun ń rà wọ́n, ní iye tí ìròyìn sọ pé ó lé ní 200 mílíọ̀nù dọ́là. Ọ̀kan nínú àwọn akọ̀wé-kóòdù méjì ló ní láti kọ́ bí a ṣe ń jókòó ti oníṣòwò àti báńkì. Ohun tó ṣeé kọ́ ni.

Àwọn mìíràn á ní Steve Jobs àti Steve Wozniak tó dá Apple sílẹ̀ ńkọ́? Ṣebí ọ̀kan ń ṣe ẹ̀rọ, èkejì ń tajà? Bẹ́ẹ̀ ni. Wozniak ń pín àwòrán bí wọ́n ṣe ń to kọ̀ǹpútà rẹ̀ pọ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ni kó tó di pé Jobs ní kí wọ́n máa tà á. Ẹni tí wọ́n máa ń gbàgbé nínú ìtàn yẹn ni Mike Markkula, tó kó 250,000 dọ́là sílẹ̀ ní ọdún 1977, tó sì jókòó pẹ̀lú wọn láti kọ ètò òwò náà sílẹ̀. Ẹni tó ń tajà yàtọ̀ sí ẹni tó ń ṣírò bóyá èrè wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ startup ní ti àkọ́kọ́, wọ́n ò ní èkejì.

Ẹnu dùn-ún ròfọ́

Èyí tó dùn mí jù nìyí, torí ó ti gba oorun lójú mi.

Níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ọ̀gbẹ́ni kan wà tó ń bá wa wá oníbàárà. Kò sẹ́ni tí kò lè bá sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ Fúráìdé kan ó wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín: ó ti rí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ńlá kan mú, wọ́n sì ti fọwọ́ sí ìwé. Kí ló ṣèlérí fún wọn? Pé áàpù wa á máa yọ owó àjẹṣẹ́kù kúrò nínú owó oṣù ọmọ ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀, pé á máa ṣírò èlé orí ẹ̀yáwó ní ọ̀nà tiwọn, pé ó máa délẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìkankan ò sí nínú ohun tá a ní.

A kọ ọ́. A ò sùn lọ́jọ́ Sátidé, a ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Bá a ṣe kọ ọ́ ni wàhálà: ibi gbogbo tí èlé ti jẹ yọ, a ti ìlà kan bọ ibẹ̀ tó ní bí ó bá jẹ́ ẹgbẹ́ yìí ni, ṣe báyìí; bí kì í bá ṣe òun, ṣe bíi ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ kejì dé pẹ̀lú èlé tirẹ̀, a tún ti òmíràn bọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ọdún kan, bá a bá fọwọ́ kan ti ẹnìkan, ti ẹlòmíì á bàjẹ́. Owó tí ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ san ò tó owó tá a fi ń tún un ṣe.

Mo bínú sí ọ̀gbẹ́ni náà fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí mo tún un rò, mo rí i pé ọwọ́ tiwa náà ò mọ́. Ìgbà tó kọ́kọ́ dé, ó máa ń wá bi wá: "Ṣé ẹ lè ṣe eléyìí?" Èsì wa lójoojúmọ́ ni "Kò ṣeé ṣe." A kì í sọ iye ọjọ́ tó máa gbà, a kì í sọ ohun tá a máa gbé jù sílẹ̀ bá a bá ṣe é. Ó rẹ̀ ẹ́ láti máa béèrè, ló bá dákẹ́, ó ń ṣèlérí lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ kóòdù, ẹ má fi "kò ṣeé ṣe" dáhùn ìbéèrè ẹni tó ń tajà. Ẹ sọ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni, àti pé àwọn nǹkan báyìí ló máa dúró. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tajà, ẹ kọ́ ahọ́n yín ní gbólóhùn yìí: "Ẹ jẹ́ kí n bi àwọn ọmọ wa, màá pè yín lọ́la." Kò tíì lé oníbàárà kankan tí mo mọ̀ lọ.

Náírà níwájú, dọ́là lẹ́yìn

Ẹni tó ń kọ kóòdù ló mọ iye tí server, kọ̀ǹpútà tí áàpù ń gbé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ń gbà lóṣooṣù, dọ́là sì ni wọ́n fi ń gba á. Ẹni tó ń tajà ló mọ iye tí oníbàárà ń san, náírà sì ni. Bí àwọn méjì yìí ò bá jọ jókòó, ẹ wo ohun tó lè ṣẹlẹ̀. Kí ìjọba tó tú owó náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀, ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan ò ju nǹkan bíi 460 náírà lọ lọ́jà ìjọba. Oníbàárà tó ń san 5,000 náírà lóṣù, ó ń mú dọ́là 10 àti díẹ̀ wá. Ní ìparí oṣù kejì ọdún 2024, dọ́là kan ti lé ní 1,500. Oníbàárà kan náà, 5,000 kan náà, kò tó dọ́là mẹ́ta ààbọ̀ mọ́. Bí server bá ń jẹ dọ́là mẹ́rin lórí oníbàárà kan, bí ọjà ṣe ń tà tó náà ni gbèsè á ṣe máa pọ̀ tó. Ẹni tó ń tajà á máa jó, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́ fún un.

Ohun tó yẹ kò le: lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí àwọn méjèèjì gbé ìwé owó server àti ìwé owó tó wọlé sórí tábìlì kan náà, kí wọ́n fi ọ̀kan pín èkejì.

Ìpín

Ẹ má pín ilé-iṣẹ́ bí ẹní pín ẹran iléyá, kí oníkálùkù gbé tirẹ̀ lọ lọ́jọ́ náà. Mo mọ àwọn mẹ́ta tó pín in lọ́gbọọgba lórí àwo àmàlà. Lóṣù keje, ọ̀kan japa, ó gbé ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Olùdókòwò tó bá rí ìyẹn nínú ìwé yín á bi yín ta nìyẹn, kí ló sì ń ṣe níbẹ̀. Àṣà tó wọ́pọ̀ ni kí ìpín máa tọ́ síni díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mẹ́rin, kí ẹni tó bá lọ kó tó pé ọdún kan má mú nǹkan kan. Ẹni tí ẹ bá ya 40 nínú 100 sọ́tọ̀ fún, bó bá lọ lóṣù 18, 15 ló máa mú lọ. Ó bójú mu.

Ìdàkejì rẹ̀ náà burú: ẹni tó ní "èmi ni mo ronú rẹ̀, ìwọ ṣáà bá mi kọ ọ́," tó fẹ́ fún akọ̀wé-kóòdù ní 5 nínú 100. Èrò ò gbówó lórí. Ẹni tó máa jí lóru tí áàpù bá dákẹ́ ló gbówó lórí.

Ó ku ti ọ̀gá. Bí òṣìṣẹ́ bá ti ń pọ̀, wọ́n á mú akọ̀wé-kóòdù tó mọṣẹ́ jù, wọ́n á fi ṣe olórí, ilé-iṣẹ́ á pàdánù akọ̀wé rere, á sì jèrè olórí tí inú rẹ̀ ò dùn. Tàbí kí wọ́n mú ẹni tí kò mọ nǹkankan nípa ẹ̀rọ wá láti ìta, kí àwọn ọmọ má gbọ́ tirẹ̀. Nígbà tí Google ń wá ọ̀gá àgbà ní ọdún 2001, Eric Schmidt ni wọ́n mú. Ó ti darí Novell, ilé-iṣẹ́ kóòdù kan, rí, ó sì wà lára àwọn tó kọ Lex, irinṣẹ́ tí àwọn akọ̀wé-kóòdù mọ̀ dáadáa. Kò sẹ́ni tó lè pa á nítàn pé nǹkan kan ò ṣeé ṣe.

Kí n tó gbàgbé: ẹ má fi ímeèlì ẹnìkan ṣoṣo forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìjà dé, orin dòwe.

Áàpù àwìn wa? A tún un kọ. Ọmọ ìsọ̀ lè kọ ohun tó tà, kò lè rí ẹni tó jẹ gbèsè. A fi àyè orúkọ ìnagijẹ sí i, a sì fi àmì róbótó yẹn sí i. Ìyá aláṣọ náà lò ó fún oṣù méjì, wọ́n sì ń sanwó. Ìwé wọn tó ya ṣì wà lábẹ́ àpótí. Nígbà tí mo béèrè ìdí rẹ̀, wọ́n ní àwọn gbèsè kan wà níbẹ̀ tí àwọn ò fẹ́ kí èmi náà rí.