Bí Awakọ̀ Bàálù Ṣe Ń Fi Jumpseat Lọ Síbi Iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà

Ní Amẹ́ríkà, kò ṣàjèjì kí awakọ̀ bàálù máa gbé ní Houston, kó sì jẹ́ pé Newark, ní New Jersey, ni iṣẹ́ rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Béèsì ni wọ́n ń pe ìlú tí ilé iṣẹ́ so awakọ̀ mọ́, ẹni tó bá sì ti pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́ ló ń kọ́kọ́ mú èyí tó wù ú. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, èyí tó bá ṣẹ́ kù ni tirẹ̀. Ìyàwó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Houston, àwọn ọmọ wà níléèwé, wọn ò tíì san owó ilé tán. Ta ni yóò palẹ̀ ẹrù mọ́ lọ sí New Jersey nítorí béèsì tí wọ́n tún lè yí padà? Bó ṣe di pé wọ́n ń wọ bàálù lọ wa bàálù nìyẹn.

Ìrìn yìí, ọrùn awakọ̀ fúnra rẹ̀ ló wà. Ilé iṣẹ́ kì í sanwó rẹ̀, òfin kò sì kà á mọ́ iṣẹ́. Ohun tó mú un ṣeé ṣe ni jumpseat, àga kékeré tó wà nínú yàrá ìwakọ̀, lẹ́yìn àwọn awakọ̀ méjèèjì. Òṣìṣẹ́ FAA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìrìn bàálù, tó ń bẹ iṣẹ́ wò ló kọ́kọ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Bí kò bá sí i níbẹ̀, awakọ̀ tó ń lọ síbi iṣẹ́ tàbí tó ń darí sílé lè jókòó sí i láìsanwó, kódà bó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ míì ló ń bá ṣiṣẹ́, bí ilé iṣẹ́ méjèèjì bá ti jọ ní àdéhùn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé.

Kọ́kọ́ ka àdéhùn iṣẹ́ rẹ

Wá ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí ilé wọn jìnnà sí béèsì. Èyí tó wọ́pọ̀ ni pé kí o mú bàálù méjì, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, tí èyíkéyìí nínú wọn lè gbé ọ dé kí aago iṣẹ́ tó lù, kí àyè sì wà nínú méjèèjì nígbà tí o yẹ̀ ẹ́ wò. Bí o bá ṣe gbogbo èyí tí o ṣì já sílẹ̀, wọn kò ní fìyà jẹ ọ́, àmọ́ owó iṣẹ́ tí o pàdánù lè má padà wá. Bí ó bá jẹ́ bàálù kan ṣoṣo ni o gbójú lé, ìwọ lo ni ẹjọ́ náà. Ya fọ́tò ojú fóònù rẹ níbi tó ti hàn pé àyè wà, kí o tọ́jú rẹ̀. Má sì fi ti ọ̀rẹ́ rẹ tó wà nílé iṣẹ́ míì ṣe tìrẹ, nítorí àwọn àdéhùn yìí kì í dọ́gba, àwọn ilé iṣẹ́ míì ò tilẹ̀ ní in rárá.

Yan iṣẹ́ tó bá ìrìn rẹ mu

Oṣooṣù ni àwọn awakọ̀ ń yan iṣẹ́. Mú èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án tó sì ń parí kí ilẹ̀ tó ṣú, kí o lè kúrò nílé láàárọ̀, kí o sì padà wá sùn sílé lọ́jọ́ tó bá parí. Iṣẹ́ aago mẹ́fà ìdájí ń bèèrè pé kí o ti dé béèsì láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Àwọn àgbà iṣẹ́ ló máa ń kó èyí tó dáa lọ, bẹ́ẹ̀ náà ló rí.

Ẹni tó wà lórí reserve ló ń rí i jù. Ó ń dúró de ìpè ni, ìpè náà sì lè ní kó dé pápákọ̀ òfurufú láàárín wákàtí méjì. Kò sí bí ẹni tó wà ní Houston ṣe fẹ́ fi wákàtí méjì dé Newark. Èyí ló bí crash pad, ilé tí àwọn òṣìṣẹ́ bàálù jọ ń háyà, tí wọ́n to bẹ́ẹ̀dì lérí ara wọn sí. Kew Gardens ní Queens, ní New York, tí kò jìnnà sí pápákọ̀ JFK àti LaGuardia, kún fún irú ilé bẹ́ẹ̀ débi pé Crew Gardens làwọn èèyàn fi ń ṣàwàdà pè é. Bí owó tí o ń san bá kéré, hot bunk ni tìrẹ: bẹ́ẹ̀dì tó bá ṣófo lálẹ́ ọjọ́ yẹn lo máa sùn sí. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì tìrẹ lo máa tẹ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, o ká a, o sọ ọ́ sínú àpótí rẹ, ẹlòmíì gba ibẹ̀. Cold bunk wọ́n jù ú lọ, àmọ́ ìwọ nìkan lo ń sùn sí i. Lójú tèmi, ẹni tó wà lórí reserve kò gbọdọ̀ ṣahun níbí. Ẹni tí wọ́n lè pè ní aago mẹ́rin òru yẹ kó mọ ibi tí òun ń sùn.

Ìwé àti orúkọ

Káàdì ilé iṣẹ́, ìwé àṣẹ ìwakọ̀ àti ìwé ẹ̀rí ìlera kò gbọdọ̀ kúrò lára rẹ. Fi orúkọ sílẹ̀ fún bàálù tí o fẹ́ wọ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ń gbà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti àwọn míì di géètì, ibi tí èrò ti ń wọ bàálù. Rántí àwọn bàálù akẹ́rù náà. FedEx ní Memphis àti UPS ní Louisville máa ń fò lóru, wọ́n sì ń gbé awakọ̀, àmọ́ ètò wọn yàtọ̀ sí ti bàálù èrò.

Lẹ́yìn ìkọlù oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, wọ́n ti ilẹ̀kùn yàrá ìwakọ̀ mọ́ awakọ̀ ilé iṣẹ́ míì. CASS, ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ kí wọ́n mọ̀ bóyá awakọ̀ lẹni náà lóòótọ́, ló tún un ṣí. Òṣìṣẹ́ géètì yóò tẹ orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ àti nọ́ńbà rẹ sínú kọ̀ǹpútà, fọ́tò rẹ yóò jáde, kọ̀ǹpútà yóò sì sọ bóyá o ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí kò bá rí ọ, yàrá ìwakọ̀ ti bọ́ nìyẹn, àfi bí àga bá ṣófo lẹ́yìn láàárín àwọn èrò.

Ní géètì àti lẹ́nu ilẹ̀kùn

Tètè débẹ̀. Awakọ̀ ilé iṣẹ́ tó ni bàálù ló máa ń ṣáájú. Láàárín àwọn àlejò, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló sábà máa ń kọ́kọ́ wọlé. Kí òṣìṣẹ́ géètì dáadáa, sọ ohun tí o fẹ́, kí o sì jókòó jẹ́ẹ́. Èrò tó sanwó ló ń dá a láàmú, má dá kún un.

Bí wọ́n bá ti fún ọ níwèé, iṣẹ́ kò tíì tán. Lọ bá ọ̀gá awakọ̀ kó tó kúrò nílẹ̀, kódà bó bá jẹ́ ẹ̀yìn lo máa jókòó sí. Sọ orúkọ rẹ àti ilé iṣẹ́ rẹ, na ìwé rẹ sí i, kí o wá tọrọ àyè: “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè bá yín dé Newark?” Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé pé kì í wọ yàrá àgbà láìkàgò kò ní rí èyí bí ohun tó le. Àyè tí o ń tọrọ yìí, ọ̀gá awakọ̀ ló ni ín. Ó lè ní rárá, kò sì ní láti sọ ìdí, òṣìṣẹ́ géètì kò sì lè yí i lérò padà. Mo ti gbọ́ kí àwọn èèyàn máa ráhùn nípa èyí, àmọ́ ìdí wà. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 1994, òṣìṣẹ́ FedEx kan tó wọ jumpseat ní Memphis fi òòlù lu àwọn mẹ́ta tó wà lẹ́nu iṣẹ́ nínú Flight 705. Pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lójú ni wọ́n fi gbé bàálù náà padà sílẹ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá ọdún 2023, awakọ̀ kan tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn gbìyànjú láti pa ẹ́ńjìnnì bàálù Horizon Air láti orí jumpseat, wọ́n sì lọ balẹ̀ ní Portland. Bí ọ̀gá awakọ̀ bá tẹjú mọ́ ọ díẹ̀, má bínú sí i.

Ohun míì tó lè já ọ sílẹ̀ ni ìwúwo. Nínú bàálù kékeré bíi CRJ-200, bí oòrùn bá mú tàbí tí wọ́n ní láti gbé epo púpọ̀ nítorí ojú ọjọ́, ìwọ tí kò sanwó ni wọ́n máa kọ́kọ́ yọ.

Lórí àga náà

Wọn yóò fi ìbòjú ọ́síjìn, bẹ́líìtì àti ọ̀nà àbájáde hàn ọ́. Pa fóònù. Títí bàálù yóò fi kọjá ẹsẹ̀ bàtà 10,000, àti nígbà tó bá tún ń sọ̀ kalẹ̀ wá sísàlẹ̀ rẹ̀, kò sáyè ìtàkùrọ̀sọ. Ọtí kò wọ ọ̀rọ̀ náà rárá. Ṣùgbọ́n bí o bá rí bàálù míì tó ń sún mọ́ yín, tàbí ohun tí kò tọ́, sọ ọ́ jáde. Inú wọn á dùn pé ojú kẹta wà níbẹ̀.

Oorun

Ibí ni mo fẹ́ kí o ti fara balẹ̀ jù. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 2009, Colgan Air 3407 tó gbéra ní Newark já lulẹ̀ ní Clarence Center, nítòsí Buffalo. Èèyàn 50 ló kú, ọ̀kan nínú wọn wà nínú ilé tí bàálù náà já lé. Igbákejì awakọ̀ ti gbéra ní Seattle lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ó bá bàálù FedEx dé Memphis, ó pààrọ̀ òmíràn níbẹ̀ lóru, ó sì dé Newark láàárọ̀. Ọ̀gá awakọ̀ ń gbé ní Florida. Yàrá àwọn òṣìṣẹ́ ní pápákọ̀ ló sùn mọ́jú. Bí ọ̀gá awakọ̀ ṣe ṣèsì nígbà tí bàálù kìlọ̀ fún un ni NTSB, àjọ tó ń wádìí jàǹbá ìrìnnà, pè ní ìdí jàǹbá náà, àmọ́ wọ́n ní ó jọ pé àárẹ̀ ti mú àwọn méjèèjì.

Òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2014 fún awakọ̀ bàálù èrò ní ìsinmi wákàtí 10 ṣáájú iṣẹ́, kí ààyè oorun wákàtí 8 tó já gaara wà nínú rẹ̀. Kò sọ bí ilé rẹ ṣe lè jìnnà tó. Ìrìn àjò tí o bá rìn lórí jumpseat, inú ìsinmi yẹn ló ń jẹ. Ìwọ náà lo sì máa fẹnu ara rẹ sọ, kí bàálù tó gbéra, pé ara rẹ dá ṣáṣá. Nítorí náà, bó bá jẹ́ bàálù méjì lo máa wọ̀ kí o tó dé béèsì, lọ lọ́jọ́ tó ṣáájú, kí o sanwó òtẹ́ẹ̀lì. Owó náà máa dùn ọ́. San án.

Bí bàálù méjèèjì bá já ọ sílẹ̀

Pe àwọn tó ń pín iṣẹ́ kí aago tó lù, má dúró kó kọjá. Sọ bàálù tí o gbìyànjú, kí fọ́tò tí o yà sì wà nítòsí. Má sọ pé ara rẹ kò yá bí ara rẹ bá yá. Irọ́ yẹn ló ń léni kúrò níṣẹ́, kì í ṣe bàálù tó kún. Bí tíkẹ́ẹ̀tì kan bá ṣì wà tí o lè rà, ṣírò owó rẹ̀ mọ́ owó iṣẹ́ tó fẹ́ bọ́. Bí wọ́n bá sì ní kí o wá bá iṣẹ́ náà níwájú lọ́jọ́ kejì, bi wọ́n bóyá wọn yóò gba àga tó dájú fún ọ, nítorí àwọn àdéhùn kan fàyè gba ìyẹn.