Bí mo ṣe ṣe ìdánwò ìfọkànsí àwọn awakọ̀ ojú irin láti Adó-Èkìtì

Ojú irin kankan kò kọjá ní Èkìtì. Ọ̀fà ni mo ti kọ́kọ́ rí ọkọ̀ ojú irin, nígbà tí bàbá mi mú mi lọ kí ẹ̀gbọ́n wọn, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí. Láti ọjọ́ náà ni iṣẹ́ yẹn ti wọ̀ mí lọ́kàn. Ọdún mẹ́fà ni mo fi fi bọ́ọ̀sì ná Adó sí Àkúrẹ́ kí ilé iṣẹ́ kan ní Èkó tó pè mí fún ìdánwò àwọn tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ awakọ̀ ojú irin. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fún mi láti múra.

Lójú mi, ẹni tó ti wakọ̀ fún ọdún mẹ́fà láìní ìjàǹbá kò ní ohun tó yẹ kó máa bà á lẹ́rù. Èrò yẹn kò tọ̀nà, ó sì yẹ kí n sọ ìdí rẹ̀. Nínú bọ́ọ̀sì, ọ̀nà fúnra rẹ̀ ni kì í jẹ́ kéèyàn sùn: kòtò rèé, ọ̀kadà rèé, ọlọ́pàá rèé, èrò ẹ̀yìn ń pariwo pé "ó wà o!" Awakọ̀ ojú irin kì í yí ọwọ́ ọkọ̀, irin ló ń darí ọkọ̀. Ó lè wo igbó fún wákàtí kan kí iná pupa kan ṣoṣo tó yọ, ìyẹn gan-an ni kò gbọdọ̀ fò. Ọkọ̀ ojú irin tó ń sá 120 kìlómítà ní wákàtí kan lè nílò bíi kìlómítà kan kó tó dúró. Bó o bá rí i tán kó o tó tẹ búréèkì, ó ti pẹ́. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ojú irin fi ní ẹ̀rọ tí awakọ̀ gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ kí ẹ̀rọ náà lè mọ̀ pé ojú rẹ̀ là. Bí awakọ̀ bá gbàgbé, ọkọ̀ á dá ara rẹ̀ dúró. Ìdánwò náà ń wá ẹni tí ẹ̀rọ yẹn kò ní máa bá wí ní gbogbo ìgbà.

Ìdánwò kan wà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí dáadáa. Wọ́n máa fún ọ ní ìwé tó kún fún ìdìpọ̀ dọ́ọ̀tì, ìdìpọ̀ mìíràn ní mẹ́ta, òmíràn mẹ́rin, òmíràn márùn-ún. Èyí tó bá jẹ́ mẹ́rin nìkan ni wàá fa ìlà sí, aago sì ń lọ. Gbòǹgbò rẹ̀ ti pẹ́: ní 1895 ni Benjamin Bourdon, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ọmọ Faransé, ti ní káwọn èèyàn máa pa lẹ́tà kan pàtó rẹ́ nínú ìwé kí òun lè wo bí wọ́n ṣe ń pọkàn pọ̀.

Mo fi bírò ya tèmi sórí ìwé, àbúrò mi obìnrin fi fóònù ka ìṣẹ́jú méjì-méjì fún mi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìdìpọ̀ mẹ́rìnlá ni mo fò lójú ìwé kan. Màámi ń ṣa òkúta lára ìrẹsì Ìgbẹ́mọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ẹ mọ ìrẹsì yẹn, adùn rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́, àmọ́ ẹni tí kò bá ṣà á dáadáa á fi eyín jìyà. Wọ́n ń wò mí, wọ́n ní: "O ń padà sẹ́yìn jù. Ibi tó o bá ti ṣà, fi í sílẹ̀. Jẹ́ kí ojú ẹ máa lọ bí ẹni ń rìn."

Mo bá wọn ṣa ìrẹsì fún ọjọ́ mẹ́rin kí n tó padà sídìí dọ́ọ̀tì. Mo rí i pé ìdá kẹta tó gbẹ̀yìn ojú ìwé ni àṣìṣe mi máa ń pọ̀ sí, nítorí mo máa ń sáré níbẹ̀rẹ̀. Mo dín eré kù, mo jẹ́ kí ìwọ̀n kan náà bá mi dé òpin. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, méjì tàbí mẹ́ta ni mo ń fò.

Mo dé Èkó lọ́jọ́ tó ṣáájú ìdánwò, mo sùn sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Agége. Ẹ má ṣe ti mọ́tò bọ́ sínú ìdánwò yìí, ẹ jọ̀ọ́.

Ti dọ́ọ̀tì lọ dáadáa. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n gbé wa sídìí kọ̀ǹpútà: àmì oníhà mẹ́rin kan ń yọ, ó ń parẹ́, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni àwọ̀ rẹ̀ máa ń ṣú díẹ̀, ìgbà yẹn nìkan ni wàá tẹ bọ́tìnì. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú! Nígbà tó tó bí ogún ìṣẹ́jú, mo rí i pé mò ń ronú nípa owó mọ́tò tí màá fi padà. Mo tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, mo mí kanlẹ̀, mo padà sójú iṣẹ́. Ó dá mi lójú pé mo fo ọ̀kan.

Ibi tí mo ti kọsẹ̀ gan-an ni ti gbígbọ́ ọ̀rọ̀ kó sì yéni. Wọ́n fi ohùn ka òfin iṣẹ́ sí wa létí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n sì bi wá ní ìbéèrè. Mo fẹ́ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ti ré kọjá kí n tó parí ìlà kejì. Kókó nìkan ló yẹ kéèyàn kọ: iye, àwọ̀, "bí" àti "àyàfi". Ti lílo ọwọ́ méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lójú kọ̀ǹpútà kò nira fún awakọ̀.

Obìnrin onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ló fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò níkẹyìn. Ó ní kí n sọ ìgbà kan tí iṣẹ́ fẹ́ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo sọ òtítọ́: mo lọ àìsùn òkú, mo sì gbé èrò láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ní Ìta-Ògbólú ni ojú mi pa dé bí ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo páàkì, mo sọ fún wọn pé mo fẹ́ sùn díẹ̀. Wọ́n bínú, méjì sọ̀kalẹ̀, mo dá owó wọn padà. Ó béèrè ohun tí mo yí padà lẹ́yìn náà. Mo ní n kì í lọ àìsùn mọ́ bí mo bá máa wakọ̀ láàárọ̀, ì báà jẹ́ òkú ẹbí. Ó kọ ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n pè pé mo yege. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni wọ́n máa yẹ ara mi wò, títí kan bóyá ojú mi mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé. Àbúrò mi ọkùnrin náà ti kọ̀wé sí wọn, àtẹ ìrẹsì sì wà níwájú rẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí.